Ẹ Má Kàn Lúwẹ̀ẹ́ ní Wikki Kẹ́ ẹ Máa Bọ̀: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Rìn Àfonífojì Odò Gaji ní Yankari

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ sí Yankari, igbó ẹran tó wà ní Bauchi, ọjọ́ kan àtààbọ̀ péré ni mo lò. Mo bọ́ sómi Wikki tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ya fọ́tò tó lé ní igba, mo ra kilishi, mo padà s'Íbàdàn. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣe àgùnbánirọ̀ ní Bauchi bi mí pé ṣé mo rí àwọn kànga yẹn. Mo ní kànga wo? Ó wò mí títí, ó ní, "Áà, owó ọkọ̀ ẹ wọgbó nìyẹn, ìwọ gan-an ò sì wọgbó tó."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo padà lọ, alẹ́ mẹ́ta ni mo sùn lọ́tẹ̀ yìí, mo sì rí ohun tó pọ̀. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí gbogbo ìgbà ni mò ń rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń fi fídíò omi Wikki síta, wọ́n á ya ara wọn, wọ́n á ya ọ̀bọ, inú igbó kan náà yẹn làwọn kànga àti ihò táwọn ará àtijọ́ fọwọ́ gbẹ́ wà, wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ọ rí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ

Ìpínlẹ̀ Bauchi ni Yankari wà. Igbó ọba ni, skúẹ̀ kìlómítà 2,244 ni fífẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe ibi téèyàn máa fẹsẹ̀ rìn tán. Odò Gaji gba àárín ẹ̀ kọjá, àfonífojì odò yẹn ni gbogbo nǹkan sì ń ṣẹlẹ̀ sí: tí gbogbo igbó tó kù bá ti gbẹ tó pọ́n bí ẹni sun ún níná, ibẹ̀ ṣì máa tutù yọ̀yọ̀, ibẹ̀ làwọn ẹran ti ń mumi, ibẹ̀ náà lomi tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti inú ilẹ̀ ń ṣàn lọ. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn tó mẹ́rin, Wikki, Gwana, Dimmil àti Mawulgo, ìkarùn-ún wá wà tó jẹ́ tútù ni tiẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni Tungan Naliki. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìkògòsì l'Ékìtì, ẹ má rò pé bákan náà ni o. Ti Ìkògòsì, gbígbóná àti tútù ló pàdé. Ti Wikki, ìwọ̀n ìlọ́wọ́ọ́rọ́ kan náà ló ń gbé láti January dé December, ó sì tó téèyàn fi lè lúwẹ̀ẹ́ gidi nínú ẹ̀.

Nǹkan kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú lórí ọ̀rọ̀ bíbèèrè yàrá. 1956 ni wọ́n ya igbó yẹn sọ́tọ̀ fáwọn ẹran, 1962 ni wọ́n ṣí i fáwọn àlejò, 1991 ló di national park lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ó wá di 2006 wọ́n dá a padà fún ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ní kẹ́ ẹ lọ bèèrè l'Ábújá, ìròyìn àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bauchi lẹ ti máa bèèrè, ẹ pè kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ sì bèèrè iye tí wọ́n ń gbà fún nǹkan kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yàrá, ọkọ̀, ìrìn inú igbó, kámẹ́rà, gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ rò pé ẹ ti san tán nígbà tẹ́ ẹ san ti yàrá.

Ìgbà wo ló dáa jù

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti November títí wọ May. Tó bá jẹ́ ẹran lẹ fẹ́ rí dáadáa, February sí April ni kẹ́ ẹ lọ, torí nígbà yẹn koríko ti lọ sílẹ̀, omi ti gbẹ níbi gbogbo, àwọn ẹran á kóra jọ sétí Gaji. Tó bá jẹ́ omi Wikki lẹ torí ẹ̀ lọ, December tàbí January nígbà ọyẹ́, màá sọ ìdí ẹ̀ tá a bá débẹ̀. Ẹ má lọ nígbà òjò tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí àwọn ihò àti kànga, koríko á ga ju èèyàn lọ, ọ̀nà á sì máa yọ̀ bí ilá.

Ọ̀nà

Bauchi ní pápákọ̀ òfuurufú, Gombe ní, Jos náà ní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ òfuurufú ń lọ síbẹ̀, nítorí náà ẹ wo èyí tó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, tí ò bá sí, Àbújá lẹ máa balẹ̀ sí kẹ́ ẹ wọ mọ́tò gba Jos. Látinú ìlú Bauchi, ẹ gba títì Gombe, tẹ́ ẹ bá dé Dindima ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀nà yẹn láá gbé yín dé géètì ní Mainamaji. Gbogbo ẹ̀ láti Bauchi tó nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ẹ má rò pé géètì ni òpin o. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé tán lẹ ṣì máa wa mọ́tò gba inú igbó kọjá kẹ́ ẹ tó dé Wikki níbi tí àwọn yàrá wà, kò sì dáa kílẹ̀ ṣú sí yín lójú ọ̀nà yẹn torí erin ò ní iná ẹ̀yìn. Ẹ ti kúrò ní Bauchi kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù.

Ọ̀rọ̀ ààbò, mi ò ní tàn yín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé Bauchi ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an, kì í ṣe ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn bíi tèmi. Ẹ má rin ìrìn alẹ́. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má gba ọ̀nà kan, ẹ má gbà á, ẹ má bá wọn jiyàn.

Ohun tẹ́ ẹ máa dì

Ẹ kún táǹkì yín ní Bauchi. Ẹ kó owó sọ́wọ́, owó bébà gidi, torí nẹ́tíwọ̀kì inú igbó yẹn ò ṣe é gbára lé, POS tí ò rí nẹ́tíwọ̀kì ò yàtọ̀ sí bíríkì. Pawa bánkì, tọ́ọ̀ṣì (ti fóònù ò tó fún kànga), bàtà tó bo ẹsẹ̀, oògùn ibà, ẹ̀pa, gaàrí, ṣúgà. Ẹ má fojú tín-ínrín gaàrí, ọ̀sán kan tí oòrùn mú mi tí mi ò lè jẹ nǹkan kan, gaàrí pẹ̀lú ẹ̀pa ló yọ mí.

Aṣọ wá ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Tsetse wà ní Yankari, eṣinṣin tó ń ta èèyàn bí abẹ́rẹ́, ó sì máa ń gba orí aṣọ ta èèyàn. Aṣọ búlúù àti dúdú ló ń pè é. Àbúrò mi tó bá mi lọ wọ jíǹsì búlúù pẹ̀lú bùbá dúdú nítorí fọ́tò, mo sọ fún un, ó ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun gbádùn ara òun. Kí aago mẹ́wàá tó lù ó ti ń fi fìlà na ara ẹ̀ káàkiri inú ọkọ̀ bí ẹni tí agbọ́n lé, èmi tí mo wọ kákí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ta mí. Nítorí náà, kákí tàbí àwọ̀ erùpẹ̀, apá gígùn, ṣòkòtò gígùn. Ẹ máa yan jíǹsì fún ọjọ́ mìíràn.

Ẹ kọ́ Hausa díẹ̀ náà. "Sannu" láti kí èèyàn, "ina kwana" láàárọ̀, "na gode" tẹ́ ẹ bá ń dúpẹ́, "nawa ne" tẹ́ ẹ bá ń bèèrè iye. Tèmi burú débi pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ti ṣílẹ̀kùn.

Alẹ́ tẹ́ ẹ bá dé: ibí ni gbogbo ẹ̀ wà

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nígbà àkọ́kọ́ rèé. Mo dé, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo sáré lọ sómi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé ẹrù sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ bá àwọn réńjà, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú igbó, lálẹ́ yẹn kan náà, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ lọ sí kànga Dukkey àti ihò Marshall. Ẹ dárúkọ wọn bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn ní "ẹ mú wa rìn ká", ibi tí ẹran wà ni wọ́n máa mú yín lọ, wọn ò jẹ̀bi, ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ń fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n mú òun lọ sí kànga ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, á gbọ́ pé ọkọ̀ ti lọ, tàbí ẹni tó mọ̀nà ò sí nílé, tàbí oòrùn ti mú jù. Wọ́n nílò alẹ́ yẹn láti mọ ẹni tó máa tẹ̀ lé yín, láti mọ bí ọ̀nà ṣe rí, bóyá erin wà lójú ẹ̀.

Ẹ gbà láti jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa san kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ má dá lọ láéláé, kódà kẹ́ ẹ ní máàpù lórí fóònù, erin ló wà níbẹ̀, agbo erin tó pọ̀ jù tó ṣẹ́kù ní gbogbo Nàìjíríà, ẹfọ̀n wà, kìnnìún díẹ̀ náà wà tí kì í sábà yọjú síta.

Àárọ̀: kànga, ihò, àti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin

Kànga Dukkey, 139 ni wọ́n kà. Ọgọ́rùn-ún kan àti mọ́kàndínlógójì, ẹ gbọ́ dáadáa, gbogbo ẹ̀ níbì kan náà. Ẹni tó bá ti bá wọn gbẹ́ kànga rí nílé, tó mọ bí ẹyọ kan ṣe ń gba agbára àti ọjọ́, orí ẹ̀ á wú. Ṣùgbọ́n iye yẹn kọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Réńjà tó mú wa lọ ní kí n dojú bolẹ̀ létí ọ̀kan kí n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀. Mo tàn án, mi ò rí nǹkan. Ó ní kí n má tàn án sísàlẹ̀, kí n tàn án sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbà yẹn ni mo rí i, ihò mìíràn wà lára ògiri kànga náà, ó dúdú kirikiri, ó ń lọ sí ìhà ibi tí kànga kejì wà. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ja kànga sí kànga, wọ́n fi ṣe bíi táǹkì omi fún ìlú. Èmi tí mo ń gbé ilé tí omi ẹ̀rọ kì í fi í yọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ mò ń rò ó.

Ẹ má sọ òkúta sínú ẹ̀ láti gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wu èèyàn. Ẹ má ṣe é. Ẹ sì máa wo ibi tẹ́ ẹ ń gbẹ́sẹ̀ sí, torí koríko lè bo ẹnu kànga kan, ẹ̀yìn réńjà gan-an ni kẹ́ ẹ máa rìn, kí ọmọdé máa wà lọ́wọ́ yín.

Ihò Marshall ni ìkejì. 59 ni ihò tí wọ́n gbẹ́ sára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta yanrìn, ibùgbé àwọn ará àtijọ́ ni, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn nígbà yẹn. P.J. Marshall tó ṣàwárí ẹ̀ lọ́dún 1980 ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, èyí tó ń bí mi nínú díẹ̀, torí ẹni tó gbẹ́ ilé, orúkọ ẹ̀ ò sí lára ilé, àlejò tó rí i ló fi orúkọ jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ojú yín mọ́ òkùnkùn náà, ẹ tan iná wò ó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan torí àdán àti ejò, ẹ má sì kọ orúkọ yín sára ògiri. Òkúta yanrìn rọ̀, ìṣó lásán lè fá a, ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ ò ní lọ mọ́.

Tí àsìkò bá wà tí ọ̀nà sì dáa, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, Shau Shau ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí ọgọ́ta iléru tí wọ́n fi amọ̀ mọ ló ṣì dúró níbẹ̀. Ẹni tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé arọ́ ò nílò kí réńjà ṣàlàyé, ẹ wo ilẹ̀ kẹ́ ẹ rí ìdàrọ́, dúdú, wúwo, ó ní ihò wẹ́wẹ́ lára bí àkàrà tó jóná, irú èyí tó wà káàkiri ilẹ̀ wa níbi táwọn baba wa ti ń yọ́ irin. Mo gbé ọ̀kan, mo wò ó, mo gbé e padà síbi tí mo ti mú un. Àbúrò mi ní kí n kí Ògún, mo kí i.

Kí aago mọ́kànlá tó lù, kẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà padà. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe oòrùn Èkó tí afẹ́fẹ́ òkun ń pa kú.

Ìgbà yìí lẹ wá lè bọ́ sómi

Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láti ibi tí yàrá wà lókè. Ní ìsàlẹ̀ àpáta lomi ti ń jáde, ó mọ́ débi pé ẹ máa rí yanrìn ìsàlẹ̀ àti ìka ẹsẹ̀ yín. Nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 21 ló ń jáde lójúmọ́, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí kì í fi í rùn, tí kì í sì í dọ̀tí pẹ́ bí ẹgbẹ̀rún èèyàn tilẹ̀ wẹ̀ nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń ṣàn lọ sínú Gaji ni.

Dígírì 31 ló máa ń wà nígbà gbogbo. Ara èèyàn jẹ́ 37, torí náà tẹ́ ẹ bá bọ́ síbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán nínú March nígbà tí ìta ti ń lọ sí 40, omi yẹn máa tutù lára yín, àwọn kan á tiẹ̀ ní wọ́n purọ́ fáwọn pé ó gbóná. Ẹ jí lọ ní aago mẹ́fà ìdájí nínú ọyẹ́ kẹ́ ẹ wá sọ fún mi. Ọyẹ́ á ti mú yín débi pé eyín á máa lu ara wọn, ooru á máa gòkè lójú omi bí èéfín ìkòkò, tẹ́ ẹ bá wá ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ẹ ò ní fẹ́ jáde mọ́. Èmi jókòó síbẹ̀ títí ìka mi fi hunjọ. Omi kan náà ni o, dígírì kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n lú, ẹ má lọ sí orísun ẹ̀ lábẹ́ àpáta, ibẹ̀ jìn tó nǹkan bíi mítà méjì, ó ju orí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ẹ ṣáà dúró síbi tí ẹsẹ̀ yín ti ń kan yanrìn. Ẹ má sì tẹ̀ lé e lọ dé inú Gaji. Ọ̀nì wà nínú Gaji, erinmi wà, wọn ò gba àlejò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ

Bàbúùnù, àwọn ọ̀bọ ńlá yẹn, àwọn ló ni Wikki, àyálégbé lẹ̀yin jẹ́. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ẹ má rẹ́rìn-ín sí wọn pẹ̀lú eyín síta torí ìjà nìyẹn lójú wọn, ẹ má ṣílẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ kódà fún ìṣẹ́jú kan. Mo fi fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba kí atẹ́gùn wọlé, mo lọ gbé tówẹ̀lì. Ìgbà tí mo dé, ọ̀kan ti jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi búrẹ́dì mi sáàárín itan, ó ń já a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ jẹ, ó tẹjú mọ́ mi bí lándíọ́ọ̀dù. Báàgì ọ̀rá ni wọ́n mọ̀ jù, tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀rá lọ́wọ́, oúnjẹ ni lójú wọn, kódà kó jẹ́ pátá ló wà nínú ẹ̀. Inú báàgì tó ní síìpù ni kẹ́ ẹ kó nǹkan sí.

Ìmàdò náà máa ń rìn káàkiri àárín àwọn yàrá lálẹ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo iwájú kẹ́ ẹ tó jáde lọ fẹ́sẹ̀.

Ìrìn àtiwo ẹran, ẹ ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì àti àárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọkọ̀, ẹ má sọ̀kalẹ̀ àfi tí réńjà bá ní kẹ́ ẹ sọ̀. Erin, ẹ lè rí i, ẹ lè má rí i, ẹ má bínú sí réńjà, kì í ṣe òun ló so wọ́n mọ́lẹ̀. Èmi rí mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà létí Gaji, ọmọ kan wà láàárín wọn tó ń fi ọwọ́ ìjà ẹ̀ fa ìrù ìyá ẹ̀, ìrìn àkọ́kọ́ mi mi ò rí ẹyọ kan.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà, ẹ kúrò ní aago méje àárọ̀. Ẹ gbọn bàtà yín kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá dé Bauchi, ẹ yà síbi tí wọ́n sin Tafawa Balewa sí, àárín ìlú ló wà, kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, kẹ́ ẹ wá ra kilishi yín níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọjú sí Jos, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò ná, torí ata inú òmíì kì í ṣe ohun téèyàn máa jẹ nínú mọ́tò.